Augustine ti Hippo, Ẹni tí Ó Gba Wúrà Íjíbítì

Láti ìgbà tí ìgbàgbọ́ Krístì ti kúrò ní ilẹ̀ àwọn Júù, tí ó sì wọ àárín àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù, ni ìbéèrè kan ti dìde tí kò tíì rọlẹ̀ títí di òní. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni kí onígbàgbọ́ ṣe sí ọgbọ́n àwọn tí kò mọ Krístì? Ṣé kí ó jù ú nù bí ohun àìmọ́ ni, tàbí kí ó gbà á, kí ó sì lò ó? Kì í ṣe ìbéèrè kékeré fún àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé iṣẹ́ wa ni láti mú ìwé tí ó ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ìgbà wá, kí a sì fi í lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a gbé ìgbésí ayé Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, yẹ̀ wò. Ọmọ Áfíríkà ni. Olùkọ́ ni kí ó tó di àlùfáà. Ìbéèrè yìí kan náà ni ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn.

Kí a tó bí i, ọ̀nà àwọn baba Ìjọ ti yà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Justin, ẹni tí wọ́n pa ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 165 nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ti kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn Plato. Nígbà tí ó di Krìstẹ́nì, kò bọ́ aṣọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò lọ́rùn, nítorí ó gbà pé irúgbìn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti wà nínú àwọn ènìyàn bíi Socrates kí Jésù tó wá sáyé. Clement ti Alexandria, ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ́ni pé bí Òfin Mósè ti tọ́ àwọn Júù wá sọ́dọ̀ Krístì, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìmọ̀ ọgbọ́n tọ́ àwọn Gíríìkì. Ṣùgbọ́n Tertullian ará Carthage, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná bí iná, bèèrè ohun tí ó da ìlú Athens pọ̀ mọ́ Jerúsálẹ́mù. Lójú tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni àwọn aládàámọ̀ ti ń rí ohun ìjà wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Augustine dé ayé.

A bí i ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Thagaste. Souk Ahras ni wọ́n ń pè é lónìí, ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Àwọn ará Róòmù ni ó ń ṣàkóso ìhà àríwá Áfíríkà nígbà náà. Patricius, bàbá rẹ̀, ní ilẹ̀ díẹ̀, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe olówó. Kò sì gba ìgbàgbọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ fi sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Monica, ìyá rẹ̀. Kò sí bí a ti lè sọ ìtàn ọmọ yìí láìsọ ti ẹkún àti àdúrà ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi í sí ilé-ìwé, ó mọ ẹgba kí ó tó mọ ìwé. A máa gbàdúrà sí Ọlọ́run pé kí wọ́n má ṣe na òun, ṣùgbọ́n àwọn àgbà, títí kan àwọn òbí rẹ̀ pàápàá, a máa fi ìyà náà rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn èdè Látíìnì, nítorí pé láti ẹnu àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ àti àwọn tí ó ń bá a ṣeré ni ó ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ó sì ka ewì Virgil, ó sunkún lórí ikú Dido, ayaba Carthage. Ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì tí wọ́n fi pàṣán tì í gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò dùn mọ́ ọn rárá. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìfẹ́ láti mọ̀ a máa kọ́ ọmọ lédè ju ìbẹ̀rù lọ. Ẹ wo ohun tí pàṣán bàjẹ́: ọkùnrin tí ó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olùkọ́ Ìjọ kò lè fi ìrọ̀rùn ka ìwé àwọn Gíríìkì ní èdè wọn, ìtumọ̀ Látíìnì ni ó ń gbára lé.

Láti Thagaste ni ó ti lọ kàwé sí i ní Madaura, ìlú tí wọ́n ti bí Apuleius, tí òun náà jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn Plato. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 16, owó kò sí mọ́, ó sì jókòó sílé fún ọdún kan gbáko láìríṣẹ́ ṣe. Pẹ̀lú ìsapá bàbá rẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ Romanianus, ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú wọn, ó lọ sí Carthage, ìlú ńlá tí àwókù rẹ̀ wà lẹ́bàá Tunis lónìí. Ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ ni ó lọ kọ́, nítorí ìyẹn ni ọ̀nà ọlá nígbà náà. Ní Carthage ni ó ti mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìgbé e ní ìyàwó, obìnrin náà sì bí ọmọkùnrin kan fún un, tí wọ́n sọ ní Adeodatus.

Ó di ọmọ ọdún 19 nígbà tí ìwé kan bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Hortensius ni orúkọ ìwé náà. Cicero, ará Róòmù, ẹni tí ó kú ní ọdún 43 ṣáájú ìbí Krístì, ni ó kọ ọ́ láti rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n fẹ́ràn ọgbọ́n. Ìwé náà ti sọnù láyé, àjákù rẹ̀ díẹ̀ ni ó kù. Augustine sì wà lára àwọn tí ó bá wa pa díẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Nítorí ẹwà èdè rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà sọ ni ó mú ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, kì í ṣe bí ó ti sọ ọ́. Òǹgbẹ ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù ú kù: orúkọ Krístì, tí ó ti gbọ́ láti ìgbà tí ó wà lẹ́nu ọmú, kò sí nínú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí èyí. Ẹni tí kò mọ Krístì ni ó kọ́kọ́ yí ojú ọmọ Monica padà sí ọ̀nà Ọlọ́run.

Ó wá ṣí Bíbélì láti wo bí ó ti rí. Ìtumọ̀ Látíìnì àtijọ́ tí ó kà kò dán, kò sì lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Cicero, ó sì tì í sápá kan. Ibẹ̀ ni ó ti ṣubú sọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Mani, ọkùnrin ará Páṣíà kan tí ó kọ́ni pé agbára méjì ni ó wà láyé, ti ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn, àti pé ìjà àwọn méjèèjì ni ó fa ibi tí a ń rí. Wọ́n ṣèlérí fún un pé òye ni àwọn yóò fi fi òtítọ́ hàn án, láìsọ pé kí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́. Ó bá wọn rìn fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án.

Ní àkókò yìí ó ti di olùkọ́, ní Thagaste lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Carthage. Ó ń ka ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì rí i pé wọ́n ti ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá dé ibi pé wọ́n lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí oòrùn yóò ṣókùnkùn, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Mani kọ nípa ìràwọ̀ kò bá ìṣirò mu. Wọ́n ní kí ó ṣe sùúrù títí Faustus, olórí wọn, yóò fi dé. Nígbà tí Faustus dé ní nǹkan bí ọdún 383, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ìbéèrè náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ìṣirò àwọn Gíríìkì ni ó kọ́kọ́ já okùn ẹ̀kọ́ èké náà kúrò lọ́rùn Augustine, kí ìwàásù Krìstẹ́nì kankan tó já a.

Ní ọdún yẹn kan náà ó tan ìyá rẹ̀ jẹ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní òru, ó sì lọ sí Róòmù. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í ṣe jàgídíjàgan bíi ti Carthage. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí owó olùkọ́ bá tó san, wọn a dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Ní ọdún 384, Symmachus, olórí ìlú Róòmù, yàn án láti lọ ṣe olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Milan, níbi tí ọba wà. Ambrose ni bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Augustine lọ gbọ́ ọ kí ó lè mọ bí ó ti ń lo èdè, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá èdè wọlé sí i lọ́kàn. Ó wá yé e pé àwọn ibi tí òun ti ń fi Bíbélì ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìjìnlẹ̀ tí òun kò mọ̀.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì ń dí i lọ́nà. Kò lè ro Ọlọ́run láìrò ó bí ohun tí ó ní ara tí ó gba àyè. Kò sì mọ ibi tí ibi ti wá, bí Ọlọ́run rere bá ni ó dá ohun gbogbo. Ní ọdún 386 ẹnìkan fún un ní ìwé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Plato. Marius Victorinus, tí òun náà jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ni ó ti túmọ̀ wọn láti èdè Gíríìkì sí Látíìnì. Ohun tí ó wà nínú wọn ni ẹ̀kọ́ Plotinus, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó kú ní ọdún 270. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ohun tí kò ní ara lè wà ní tòótọ́, àti pé Ọlọ́run ni ìmọ́lẹ̀ tí ọkàn fi ń ríran. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ó ti kọ́ pé ibi kì í ṣe ohun kan tí a dá. Àìsí ire níbi tí ó yẹ kí ire wà ni, bí ìfọ́jú ti jẹ́ àìsí ìríran. Báyìí ni ìbéèrè tí ó lé e lọ sọ́dọ̀ Mani ṣe rí ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì.

Ó ní òun rí ìdajì ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìnrere Jòhánù nínú àwọn ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n fi sọ ọ́: pé Ọ̀rọ̀ ti wà, pé ìmọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò rí ìdajì kejì níbẹ̀, pé Ọ̀rọ̀ náà gbé ara ènìyàn wọ̀, pé ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ikú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dà bí ẹni tí ó dúró lórí òkè, tí ó ń wo ìlú àlàáfíà lókèèrè, tí kò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀. Ó rí i nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti mọ òtítọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí padà. Ṣe ni ìmọ̀ náà tilẹ̀ ń gùn ún. Ní àkókò yìí ni wọ́n rán ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà, kí ó lè fẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Obìnrin náà lọ, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní bá ọkùnrin mìíràn gbé mọ́. Augustine, tí ó ka Plato, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi mú òmíràn. Ìtìjú yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ọgbà ilé kan ní Milan ni gbogbo rẹ̀ parí sí, ní oṣù kẹjọ ọdún 386. Ó ń sunkún lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó gbọ́ ohùn ọmọdé láti ilé tí ó wà nítòsí tí ń kọrin pé kí a mú ìwé, kí a kà á. Ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ibi tí ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ni ó mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, Ambrose sì ṣe ìrìbọmi fún òun àti Adeodatus ní òru Àjíǹde ọdún 387. Ọdún náà ni Monica kú ní Ostia, bí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ àtipadà sílé, lẹ́yìn tí ó ti rí ohun tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọrọ.

Nígbà tí ó dé Thagaste ní ọdún 388, ó kọ ìwé kan tí a ń pè ní Olùkọ́, tí ó jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín òun àti Adeodatus. Ọmọ náà ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń ba bàbá rẹ̀. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó kú. Plato ti kọ́ni pé ọmọ tí a bi ní ìbéèrè dáadáa a máa rántí ohun tí ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ kí a tó bí i. Augustine gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ nìkan kò lè fi ìmọ̀ sínú ọmọ. Àmì lásán ni ọ̀rọ̀ jẹ́, ọmọ ni yóò wo inú ara rẹ̀ bóyá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí Plato ti sọ pé ìrántí ni, Augustine ní ìmọ́lẹ̀ Krístì tí ń gbé inú ọkàn ni. Ó gba ìbéèrè lọ́wọ́ Plato, ó sì fún un ní ìdáhùn tí Plato kò ní.

Ní ọdún 391 ó lọ sí Hippo, tí a ń pè ní Annaba lónìí. Àwọn ìjọ ibẹ̀ dì í mú, wọ́n sì fi tìpátìkúùkù sọ ọ́ di àlùfáà, tòun ti omijé lójú rẹ̀. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ní nǹkan bí àkókò tí ó di àlùfáà ni Maximus, olùkọ́ kan ní Madaura, kọ̀wé sí i, tí ó ń fi orúkọ Púníìkì àwọn ajẹ́rìíkú Áfíríkà ṣe ẹlẹ́yà. Augustine bá a wí gidigidi pé ọmọ Áfíríkà tí ń kọ̀wé sí ọmọ Áfíríkà kò gbọdọ̀ tijú èdè Púníìkì, nítorí pé ọgbọ́n wà nínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ Athens kò tìtorí ìyẹn kẹ́gàn ti ilé.

Ní Hippo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé Ẹ̀kọ́ Krìstẹ́nì ní nǹkan bí ọdún 396, tí kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 426. Inú rẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè wa wà. Ó rán wa létí pé nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kúrò ní Íjíbítì, wọ́n gba wúrà, fàdákà àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi òrìṣà àti ẹrù wúwo sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní òrìṣà àti ẹrù asán nínú, ó sì ní wúrà nínú. Wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ó dá wúrà náà, láti inú ilẹ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ti wà á jáde. Ó ka àwọn tí ó ti ru wúrà bẹ́ẹ̀ jáde ṣáájú rẹ̀: Cyprian ará Carthage, Lactantius, Victorinus, àti àwọn mìíràn. Ohun kan ni ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbà á, èyí ni ìrẹ̀lẹ̀ àti ìfẹ́, nítorí pé ìmọ̀ láìsí ìfẹ́ a máa wú ènìyàn lórí.

Díákónì kan ní Carthage, Deogratias, kọ̀wé sí i pé ọ̀rọ̀ òun a máa sú òun fúnra òun bí òun bá ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá sínú ìgbàgbọ́. Augustine fún un ní ìmọ̀ràn bíi ti àgbà sí olùkọ́ tuntun: kí ó fi inú dídùn kọ́ni, bí ó bá rí i pé ẹni tí ń gbọ́ ń yán, kí ó fún un ní àga kí ó jókòó, kí ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní Thagaste kò gbàgbé.

Ní ọdún 410, Alaric àti ogun rẹ̀ kó Róòmù. Àwọn abọ̀rìṣà pariwo pé nítorí tí wọ́n fi àwọn òrìṣà sílẹ̀ ni. Láti dá wọn lóhùn ni ó ṣe kọ Ìlú Ọlọ́run, ìwé 22, láti ọdún 413 títí di 426. Nínú rẹ̀ ó sọ pé nínú gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Plato ni ó súnmọ́ wa jù. Ó sọ pẹ̀lú pé Varro ará Róòmù ti ṣírò pé ẹgbẹ́ 288 ni ó lè wà lórí ìbéèrè ohun tí ó jẹ́ ire tí ó ga jù lọ. Èsì Augustine ni pé gbogbo wọn ń wá ayọ̀ nínú ayé yìí nípa agbára ara wọn, wọn kò sì lè rí i níbẹ̀. Nígbà ogbó rẹ̀ ó tún àwọn ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yin Plato àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Kò jù wọ́n nù, ṣùgbọ́n ó fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n.

Ní ọdún 430 àwọn Vandal dó ti Hippo. Augustine ti di arúgbó ọmọ ọdún 75. Possidius, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ pé ó ní kí wọ́n kọ àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà, kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, ó sì ń kà wọ́n lórí ibùsùn pẹ̀lú omijé. Possidius sọ pẹ̀lú pé nígbà tí ìròyìn ìlú tí ó ń jó ń wọlé, ó ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan tu ara rẹ̀ nínú, pé ẹni tí ó bá ka wíwó igi àti òkúta àti ikú ẹni kíkú sí ohun ńlá kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé Plotinus. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ. Kò ní ohun ìní tí yóò fi ṣe ogún, àyàfi àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀ fún Ìjọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá, àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. A ó pàdé àwọn tí yóò ní kí a má ṣe ṣí ìwé tí kì í ṣe ti ìgbàgbọ́, a ó sì pàdé àwọn tí yóò ní ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n wà. Wúrà Íjíbítì kan náà ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ṣe ọmọ màlúù ní aginjù, òun náà ni wọ́n sì mú wá fún Àgọ́ Olúwa. Ọwọ́ olùkọ́ ni wúrà tí àwọn ọmọ yóò gbà wà, ohun tí a bá sì kọ́ wọn láti fi ṣe ni Ọlọ́run yóò bi wá léèrè.